Ọjọ́ Tí Mo Fọ́ Ààrò Màámi

Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ bá mi kẹ́dùn. Ẹni tó bá ti jí ní ìlú wa Ìràwọ̀ rí nígbà ọyẹ́ mọ̀ pé omi inú garawa kì í ṣe ọ̀rẹ́ ènìyàn.

Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló dá a sílẹ̀. Ó pè mí pé àwọn ti yọ ẹ̀rọ gáàsì tó ń mú ilé wọn gbóná, heat pump ni àwọn fi rọ́pò rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ náà ń fa ooru wọlé látinú afẹ́fẹ́ ìta, kódà bí òtútù bá mú, ìjọba sì fi 7,500 pọ́n-ùn ràn wọ́n lọ́wọ́.

Mo ní háà! Àwọn tí kò rí oòrùn ń rí ooru fà jáde látinú òtútù, èmi tí oòrùn ń pa lójoojúmọ́, igi ni màámi ṣì fi ń mú omi gbóná?

Mo ra sólà. Páńẹ́ẹ̀lì méjì, bátìrì kan, inverter 1.5 kVA. Mo ra boiling ring kan mọ́ ọn. Ọ̀gá tó wá so sólà náà kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi gbé ohunkóhun tó bá ń mú nǹkan gbóná. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ṣé òun ló lọ yunifásítì ni?

Gílóòbù tàn. Fáànù yí. Tẹlifíṣàn sọ̀rọ̀. Orí mi wú. Mo kó gbogbo igi màámi fún ìyá tó múlé tì wá, mo gbé òòlù, mo fọ́ ààrò náà túútúú.

Màámi wò mí. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, màámi. Ayé ti lajú."

Ọjọ́ kẹta ni ìgbéyàwó àbúrò wa obìnrin. Àlejò kún ilé. Aago márùn-ún ìdájí, garawa ti tò dé ẹnu ọ̀nà. Mo ki boiling ring bọ omi. Mo tàn án. Píì! Iná lọ. Mo tún un tàn. Píì! Mo tàn án lẹ́ẹ̀kẹta. Òórùn rọ́bà jíjó. Òkùnkùn biribiri. Ohùn kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi dà?"

Ohun tí n kò kà ló wà lára páálí: 1,500 wáàtì ni boiling ring ń jẹ. Inverter mi kò lè gbé ju nǹkan bí 1,200 lọ. Heat pump àbúrò mi kì í dá ooru; ó ń kó èyí tó ti wà níta wọlé ni, ìyẹn ló fi ń ná iná ẹyọ kan mú ooru bíi mẹ́ta wá. Boiling ring tèmi ní láti fi iná ra gbogbo ooru rẹ̀.

Kí ojú má bàa tì mí, mo ní omi tútù ló ń mú ara le. Mo da igbá kan sórí. Ẹ̀yin èèyàn mi! Eyín mi lu bẹ̀m̀bẹ́. Mo pe bàbá mi tó ti kú.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi, igi ni mo rù, tòun ti táwẹ́ẹ̀lì nídìí, láti ilé ìyá alámùúlégbè. Ó ti fi ìdajì rẹ̀ ro àmàlà jẹ. Màámi to òkúta mẹ́ta, ó fọnná, kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Sólà náà ṣì ń tan gílóòbù. Bí ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ ka iye wáàtì tó wà lára ohun èlò yín kí ẹ tó gbé òòlù sí ààrò ìyá yín.