Òrí Lórí Hítà

Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́, nílé Àǹtí mi ní Peckham, lójú àlejò, pé òtútù Lọ́ńdọ̀nù kò tó ohun tó lè fi awọ ara mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Àǹtí, ọmọ Ìbàdàn tó ti ń bá ọyẹ́ wọ̀yá ìjà láti kékeré, kí lẹ rò pé òtútù òyìnbó máa fi ṣe?" Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní kí n máa jẹun mi. Oṣù Kọkànlá la wà nígbà náà. Kí Kérésì tó dé, ojúgun mi ti rí bí ara aláǹgbá tó fẹ́ pa awọ dà.

Kì í kúkú ṣe pé mo ń parọ́. Ọyẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀, tòun teruku, láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹta. Ètè á máa bẹ́, gìgísẹ̀ á máa sán, ọmọ ilé ìwé á funfun láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Àmọ́ Màámi mọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú un. Wọ́n á gbé omi kaná, kó ṣáà ti lọ́ wọ́ọ́wọ́, ìdajì korobá lẹ́nì kan. Àwa ọmọ á tò lẹ́yìn ara wa. Bí o bá pẹ́ jù nínú balùwẹ̀, ẹni tó kàn á máa gbá ilẹ̀kùn. Bí o bá ti yọjú báyìí, omi ṣì ń kán lára rẹ, Màámi á ti wọ́ ẹ mọ́ra, wọ́n á bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á fi pa ẹ́ láti ọrùn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, láì bi ẹ́ bóyá o fẹ́. Nínú gbogbo ètò yìí, òrí nìkan ni mo rántí gbé dání lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Nílé Àǹtí, omi gbígbóná kì í tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú inú wo ọmọ tó fi ìdajì korobá dàgbà, tí wọ́n wá fa ṣáwà lé lọ́wọ́. Mo máa ń dúró lábẹ́ rẹ̀ títí ìka mi á fi hunjọ, tí dígí balùwẹ̀ kò ní ríran mọ́. Kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú, láàárọ̀, lálẹ́. N kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú ọṣẹ dúdú lójú mi, àmọ́ eérú ni ìyá rẹ̀, eérú èèpo kòkó àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bó ṣe ń bó ìdọ̀tí náà ló ń bó epo tí Ọlọ́run fi sí awọ. Omi Lọ́ńdọ̀nù tún wá bá a lọ́wọ́ sí i. Ilẹ̀ tó kún fún àpáta ẹfun ló gbà kọjá, kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó dáadáa. Ńṣe ni òun àti ọṣẹ á dì pọ̀, wọ́n á wá lẹ̀ mọ́ ara ọpọ́n ìwẹ̀, ràkọ̀ràkọ̀, láwọ̀ eérú. Mo rí i, mo rò pé ìdọ̀tí ara mi ni. Ojú tì mí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara mi gidi.

Tí mo bá jáde, mo máa ń lọ dúró síwájú hítà kí ara mi lè gbẹ fúúfúú kí n tó para. Mo yí iwájú sí i, mo yí ẹ̀yìn sí i. Lọ́jọ́ kan Àǹtí gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n béèrè bóyá kí àwọn bá mi gbé yájì wá.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé inú ilé ni ọyẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ń gbé. Afẹ́fẹ́ tó tutù kò lè gbé omi púpọ̀. Tó bá wọlé, tí hítà mú un gbóná láì fi omi kún un, òùngbẹ á gbẹ ẹ́, ohunkóhun tó bá rí ló máa fà mu: ètè, ihò imú, ojúgun ọmọ Ìbàdàn. Ìwọ rò pé o sá fún un wọlé, àṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo sá lọ. Oòrùn náà kò sí nílé láti báni dá sí i. Ní àárín oṣù Kejìlá, ojúmọ́ ibẹ̀ kì í pé wákàtí 8, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kì í tíì lù tí oòrùn á ti wọ̀.

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fọgbọ́n họ nínú bọ́ọ̀sì o. Èyí tí èèyàn ń fẹ̀yìn ha ara ilẹ̀kùn ni. Mo ní òrí ló kéré. Èyí tí mo gbé wá ti tán, mo bá gba Rye Lane lọ, níbi tí ẹ ti lè rí nǹkan ọjà Bódìjà rà láìwọ ọkọ̀ òfúrufú, mo ra igbá ńlá kan. Àmọ́ yàrá mi tutù, òrí gan, ṣíbí ò wọ̀ ọ́. Mo bá gbé igbá náà ka orí hítà kó lè rọ̀ díẹ̀, mo jókòó, mo gbé fóònù. Òrí kì í fẹ́ iná púpọ̀, ooru ara lásán ń mú un rọ̀. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, igbá ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òrí ti ń gba àlàfo irin hítà sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀kán kan á rọra wá sí etí irin, á sanra, á rò ó wò, á já bọ́. Òmíràn á tẹ̀ lé e. Orí rọ́ọ̀gì Àǹtí ni gbogbo wọn ń bọ́ sí, rọ́ọ̀gì aláwọ̀ wàrà tí a máa ń bọ́ bàtà fún. Mo fi omi gbígbóná nù ún, ó rin wọlé sí i. Mo rántí pé wọ́n ní ìyẹ̀fun máa ń fa epo. Mo sáré wọ ilé ìdáná. Ẹ̀lùbọ́ nìkan ni mo rí. Mo dà á sí i. Nígbà tí Àǹtí wọlé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ṣé ibẹ̀ lo fẹ́ ro àmàlà náà sí ni?"

Ẹ ò ní gbà pé ìyẹn kò kọ́ mi lọ́gbọ́n. Níbi iṣẹ́, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kan pé kí n buwọ́ lù ú. Ibi tí àtàǹpàkò mi bà lé mu epo, ọ̀gá mi sì ń ka ohun tó wà lẹ́yìn ìwé láì ṣí i. Lóru ọjọ́ kan mo nawọ́ mú ìpara ètè nínú òkùnkùn, àṣé èyí tí Àǹtí fi ń wọ́ orúnkún ni, eléyìí tó ń ta yẹn, sí ètè tó ti bẹ́. Ẹ má bi mí bí ilẹ̀ ṣe mọ́. Mo tún gbọ́ pé omi ló yẹ kó wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá. Mo sá aṣọ tútù kún orí hítà, mo gbé abọ́ omi tì í, mo ti fèrèsé pa. Ògiri ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì bu, ó yọ àmì dúdú tóótòòtó.

Àǹtí fúnra wọn ló fà mí lọ sọ́dọ̀ apòògùn ìsàlẹ̀ títì. Obìnrin náà ní kí n ká ṣòkòtò sókè. Ó fi orí èékánná fa ìlà kan sí ojúgun mi. Ìlà funfun yọ, kò sì parẹ́. Ó bi mí bí omi ìwẹ̀ mi ṣe ń gbóná tó. Mo sọ fún un. Ó ní ìgbà wo ni mo wá ń para?

"Tí ara mi bá ti gbẹ dáadáa, mà. Lójú hítà."

Ó gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ó ní òróró kì í fún awọ lómi, ó kàn ń bo èyí tó bá bá níbẹ̀ ni. Vaseline tí gbogbo wa mọ̀ yìí, tí Robert Chesebrough ará Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1872, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ epo rọ̀bì ló ti wá, kò sí ẹ̀kán omi kan nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ̀ ni pé kí ohun tó wà nínú má jáde. Èmi wá lọ sá awọ gbẹ tán kí n tó bò ó. Ó ní kí omi ìwẹ̀ mi máa lọ́ wọ́ọ́wọ́, kí n má pẹ́ níbẹ̀, kí n lo ọṣẹ tí kò lóòórùn, àwọn ibi tó ń rùn nìkan ni kí n sì fi fọ̀. Kí n fi táwẹ̀lì tẹ ara, kí n má fi bó o. Bí ọ̀rinrin bá ṣì wà, kí n fi ìpara tó ní gílísírìnì pa á kíá, òrí díẹ̀ lè wá gun orí ìyẹn. Gìgísẹ̀ fẹ́ èyí tó ní yúríà. Ó tún kìlọ̀ pé aṣọ tó bá ti mu ìpara báyìí yó máa ń tètè gbiná, kí n jìnnà síná. Àǹtí wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Màámi lórí fóònù. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Kó o má pẹ́? Kó o para kí ara tó gbẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó wá dìgbà tó o wọ bàálù kí wọ́n tó sọ fún ẹ! Ṣé kì í ṣe ìwọ lò ń sunkún pé mi ò jẹ́ kó o gbẹ?" Inú wọn dùn débi pé wọ́n ní ẹnì kan ń bọ̀ láti Ṣakí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ojúlówó òrí ni wọ́n máa bá mi rà lọ́dọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ti Rye Lane, odidi korobá kan, wọ́n á fi rán ẹni tó ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àǹtí já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fi òrí ránṣẹ́. Rọ́ọ̀gì ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́."