Àwọn Ọ̀rẹ́ Tí Kò Fẹ́ Ti Kóòtù Bọ̀

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àwọn tí òwe yìí ń bá wí ni ọmọ ìyá tó ń du ilẹ̀ bàbá wọn, orogún tó ń jọ lo ẹ̀yìnkùlé kan, aládùúgbò tí ògiri kan ṣoṣo là láàárín yàrá wọn. Irú wọn kò ríbi sá fún ara wọn. Bí adájọ́ bá dá wọn lẹ́jọ́ tán láàárọ̀, wọn yóò tún pàdé nídìí kànga nírọ̀lẹ́, wọn yóò sì jọ jókòó níbi ìkómọ ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn. Ohun tó mú kí àgbà ní kí baálé parí rẹ̀ nílé nìyẹn. Lóde òní, ẹnu ọ̀gá wọ́kọ́ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó ni òwe náà ti ń dùn jù, pàápàá nígbà tí oníbàárà bá gbé ọkọ̀ padà wá lẹ́ẹ̀kẹta nítorí àìsàn kan náà. “Ọ̀gá mi, ṣé nítorí ọ̀rọ̀ kékeré yìí lẹ ṣe ń dárúkọ kóòtù? Ẹbí ṣáà ni wá.” Oníbàárà á mi orí. Kò ní rántí béèrè ìgbà tí wọ́n di ẹbí.

Ọjọ́ tí wọ́n ra ọkọ̀ ni ẹbí náà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta ọkọ̀, tó sì ní wọ́kọ́ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn, kì í jọ ti mẹkáníìkì abẹ́ igi. Gíláàsì ni iwájú rẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, wọ́n á gbé tíì wá. Bí ọjọ́ ìbí oníbàárà bá kò, àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé sórí fóònù rẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ tó jí. Orí àga rírọ̀ tó jókòó sí ni oníbàárà ti máa ń ṣírò rẹ̀ pé ẹni tó rí owó ra irú àga báyìí kò lè ṣàìmọ ẹ́ńjìnnì. Ohun tó ń lọ lẹ́yìn ògiri kò hàn sí i. Ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì gba fírídọ́ọ̀mù lè wà lábẹ́ ọkọ̀ náà, kó mú irú sípánà kan náà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjà Ládípọ̀ mú dání. Ìyàtọ̀ tó dájú ni èyí tó wà nínú owó tí wọ́n máa gbà.

Ibi tí ọ̀rẹ́ bá ti wọ̀, ìwé kì í rí àyè. Ẹni tó bá ní kí wọ́n kọ àìsàn ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò gbọ́ “Àbí ẹ ò fọkàn tán wa ni, ọ̀gá?” Ojú á tì í, á sì dákẹ́. Ẹni tó ń ka ṣéńjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ ìyá aláta á wá fi ọkọ̀ olówó mílíọ̀nù lélẹ̀, á fa kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́, á sì gun ọ̀kadà lọ sílé láìgba bébà kankan.

Iṣẹ́ tó sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni ti ọkọ̀ tó ń gbóná. Nínú ẹ́ńjìnnì, ohun kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní thermostat. Ó máa ń sé ọ̀nà mọ́ omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kí ó lè tètè gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ. Bó bá ti gbóná tó, á ṣí ọ̀nà kí omi lè lọ sí ràdíétọ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló ní ìdájọ́ tirẹ̀ lórí nǹkan yìí: ìlú òyìnbó tó tutù ni wọ́n ṣe é fún, ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò ẹ̀. Wọ́n á yọ ọ́ sọnù. Wọ́n á fún fáànù ní dáírẹ́ẹ̀tì kó lè máa fẹ́ láti ìgbà tí wọ́n bá ti ṣíná ọkọ̀. Ọkọ̀ náà á sinmi gbígbóná fún ìwọ̀nba ọjọ́, oníbàárà á sì fún ọmọ iṣẹ́ lówó omi.

Àmọ́ ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ yá. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni, á máa da epo sí i ju bó ti yẹ lọ. Epo tó ń gbé ọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Ìkejà lọ bọ̀ kò ní gbé e padà délé mọ́. Lẹ́yìn náà ni iná pupa rẹ́súrẹ́sú tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì á tàn níwájú awakọ̀. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò há a lábẹ́ sítíárì, nọ́ńbà P0128 ló máa gbé wá, ìtumọ̀ èyí ni pé omi ẹ́ńjìnnì kò gbóná dé ibi tó yẹ. Ẹ̀rí tó kọ orúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀ jáde nìyẹn. Kí ni ọ̀gá máa ṣe? Á pe rewáyà tó ń ṣe iná ọkọ̀. Rewáyà á tú orí bátìrì, á dúró díẹ̀, á tún un dì, iná á kú, wọ́n á sì kọ “programming” sínú owó tí oníbàárà máa san. Kọ̀ǹpútà kò mọ ojú àánú o. Bó bá ti tún àyẹ̀wò rẹ̀ ṣe lójú títì fún ọjọ́ mélòó kan, á tan iná rẹ̀ padà.

Ohun tó kọ́kọ́ ń mú ọkọ̀ gbóná kò sì tíì lọ síbì kan. Ó lè jẹ́ ràdíétọ̀ tó di, ó lè jẹ́ gáàsìkẹ́ẹ̀tì tó ti jó, tí omi ń gba ibẹ̀ wọnú ọ́ìlì títí ọ́ìlì fi dà bí ògì. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibi kí wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ àfarabalẹ̀ṣe ni. Ó ní bí wọ́n ṣe ń dì í padà: bóòtù kan tẹ̀lé èkejì, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú sípánà tó ń wọn agbára. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, bóòtù tí wọ́n bá ti tú lẹ́ẹ̀kan kò tún ṣeé lò mọ́. Ọ̀gá tó bá da bóòtù àtijọ́ padà, tó fi gbogbo agbára rẹ̀ tẹ sípánà kó lè le dáadáa, ti yan ọjọ́ tí oníbàárà máa padà wá fún un.

Nígbà tí ìjà bá wá dé ni ọ̀rọ̀ á di ẹ̀rín. Àwọn tí kò fẹ́ ti kóòtù bọ̀ kò kọ̀ láti ti tẹ́ṣàn bọ̀. Oníbàárà tó ní kóòtù á ba ọ̀rẹ́ jẹ́ lánàá ló ń wá nọ́ńbà DPO, ọ̀gá tẹ́ṣàn, lónìí. Ẹlòmíràn á pe àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ sójà. Ẹlòmíràn á dúró lẹ́nu géètì, á gbé fóònù sókè, á máa fi ìjà náà han gbogbo ayé, títí tí lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà á fi kọ̀wé sí i pé ó ba àwọn lórúkọ jẹ́. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sì ti sọ ọ́ ní abala 32 pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí àdéhùn tó yẹ̀ tàbí aáwọ̀ tí kì í ṣe ọ̀ràn. Bí wọ́n bá yọ ọ́tánétọ̀ tuntun kúrò lára ọkọ̀, tí wọ́n fi àlòkù rọ́pò rẹ̀ láìsọ, olè jíjà nìyẹn, tẹ́ṣàn sì ni ilé rẹ̀. Iṣẹ́ tí kò dáa kì í ṣe olè jíjà. Tẹ́ṣàn tó bá gbà á wọlé kì í gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, oníbàárà tó lọ gba owó rẹ̀ padà á tún fi òmíràn lé e.

Òfin tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu gan-an wà nílẹ̀. Òfin Àpapọ̀ lórí Ìdíje Ọjà àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ni, tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019. Abala 130 rẹ̀ sọ pé ẹni tó sanwó iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n parí rẹ̀ lásìkò, kí wọ́n tètè wí fún un bí ìdádúró tí kò ṣeé yẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí iṣẹ́ náà dára bí ẹni tó lóye ṣe máa retí rẹ̀, kí wọ́n sì dá ohun ìní rẹ̀ padà ní ipò tó kéré tán kò burú ju bó ṣe gbé e wá. Bí wọ́n bá kùnà, ó lè ní kí wọ́n tún àbùkù náà ṣe, tàbí kí wọ́n dá apá kan tó bójú mu padà nínú owó rẹ̀. Òfin yìí kan náà ló fi dandan lé e pé kí oníṣòwò fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n jọ ná, kí ó sì sọ ọ́ gbangba bí ohun tó ń tà bá jẹ́ àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún rọ. Nítorí náà, ẹni tó béèrè rìsíìtì kò bú ẹnikẹ́ni. Pátákó tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri pé “ohun tó bá ṣe ọkọ̀ níbí, ọrùn ẹni tó ni ín” kò sì lè bo ìwà àìbìkítà tó burú jáì mọ́lẹ̀, nítorí òfin kò gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wọlé.

Àmọ́ òfin kì í jẹ́rìí fún ẹni tí kò ní ẹ̀rí. Káàdì iṣẹ́ tó kọ àìsàn ọkọ̀ bí oníbàárà ṣe sọ ọ́, fọ́tò iye kìlómítà ní ọjọ́ tó gbé e wọlé àti ọjọ́ tó gbé e jáde, àwọn ẹ̀yà àtijọ́ tí wọ́n yọ, tó yẹ kí ó béèrè kí wọ́n tó jù wọ́n nù: ìwọ̀nyí ló ń sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́. Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Inú á bí wọn, wọ́n á wọ́ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn, ẹni náà á tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é. Láti ìgbà yẹn ni ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ á ti máa sọ pé ẹni kejì ló bà á jẹ́, àti pé wọ́ráńtì ti kú. Kí mẹkáníìkì kejì yẹ̀ ẹ́ wò, kó kọ ohun tó rí sórí bébà tó ní orúkọ rẹ̀, kó má fọwọ́ kan bóòtù kankan títí ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ fi dáhùn, ló bọ́gbọ́n mu.

Lẹ́tà ló kàn lẹ́yìn èyí, kì í ṣe ohùn WhatsApp oníṣẹ́jú márùn-ún tó fi èpè bẹ̀rẹ̀. Kò nílò kó gùn: ọjọ́ tí ọkọ̀ wọlé, ohun tí wọ́n ní àwọn ṣe, owó tí wọ́n gbà, ohun tó ṣì ń ṣe é, ohun tí oníbàárà fẹ́, àti ọjọ́ tó fún wọn mọ. Ọ̀gá àgbà ni kó kọ ọ́ sí, kó sì gba ìbuwọ́lùwé ẹni tó gbà á. Ọ̀pọ̀ ìjà ló ń parí síbí, nítorí ilé-iṣẹ́ tó mọ̀ pé ariwo kì í pẹ́ rọlẹ̀ tún mọ̀ pé fáìlì kì í sùn.

Bí wọ́n bá ń di ọkọ̀ náà mú nítorí owó tí kò tíì pé, kí oníbàárà má fi ipá wọ́ ọ jáde. Ẹni tó ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dá a dúró títí wọ́n fi san owó iṣẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníbàárà ní ẹ̀sùn lórí iṣẹ́ náà. Kó sanwó, kó kọ ọ́ sára rìsíìtì pé òun san án pẹ̀lú àtakò, kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Tí lẹ́tà kò bá yanjú rẹ̀, ojúlé pọ̀ kí ó tó kan adájọ́. Àjọ FCCPC tí òfin 2018 gbé kalẹ̀ ń gba ẹ̀sùn, LASCOPA tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó náà ń gbà á. Ibùdó Ìlàjà Aráàlú tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 1999 tún wà, níbi tí wọ́n ti ń pe tọ̀tún-tòsì jókòó láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ń wá baálé tí àwọn àgbà sọ, ibẹ̀ ni. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀gá tó fi “ẹbí ni wá” pa ohùn mọ́ oníbàárà lẹ́nu ni ẹni tó kọ́kọ́ máa ń ní òun kò ráyè wá nígbà tí ìwé ìpè ìlàjà bá dé.

Kóòtù wá kẹ́yìn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ bani lẹ́rù mọ́. Láti ọdún 2018 ni kóòtù Májísíréètì l'Ékòó ti ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré, tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Oníbàárà lè ro ẹjọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìgba lọ́yà, ìlànà rẹ̀ sì ní kí ẹjọ́ parí láàárín 60 ọjọ́. Ó gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ kọ ìwé béèrè owó sí ẹni tó ń pè lẹ́jọ́. Owó tí iye rẹ̀ dájú ni wọ́n ń gbà wọlé níbẹ̀: iye tó san fún iṣẹ́ tí kò dáa àti iye tí ẹlòmíràn gbà láti tún un ṣe, pẹ̀lú rìsíìtì méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó ìrora ọkàn àti ti ìpàdé ilé-iṣẹ́ tó pàdánù, kí ó wá kóòtù mìíràn lọ.

Ìdájọ́ kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí báńkì. Bí ẹni tó jẹ̀bi kò bá san án, oníbàárà ló máa padà sí kóòtù láti béèrè pé kí akódà lọ gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní rẹ̀. Níhìn-ín ni gíláàsì àti àga rírọ̀ náà ti wúlò fún oníbàárà: mẹkáníìkì abẹ́ igi lè gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lóru kó kọjá sí Ṣàngó Ọ̀tà, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó to ọkọ̀ tuntun síwájú, tó sì gbé pátákó orúkọ rẹ̀ kọ́ sójú títì, kò níbi tó máa kó wọn sá sí.