Wíǹṣì Ọkọ̀ Àtijọ́ Dàwátì n'Ìjànìkín

Bí ọ̀tá yín bá lówó, tí ẹ kò sì fẹ́ bá ọlọ́pàá ṣẹjọ́, ọkọ̀ ìgbòkun àlòkù ni kí ẹ tà fún un. Kì í ṣe ọkọ̀ fáíbà ẹlẹ́ńjìnì tó ń gbé èrò lọ sí Ìrẹ̀wẹ̀ ni mò ń wí o. Yọ́ọ̀tì ni: ọkọ̀ aláṣọ funfun tí atẹ́gùn ń tì kiri, tí ẹni tó ni ín ń wọ ṣòkòtò péńpé, tó ń fẹ́ kí aráyé máa pe òun ní Kápútéènì. Ẹ dín owó rẹ̀ kù fún un. Ẹ bá a wọ́ ọ dé etí ọ̀sà Ìjànìkín. Kí ẹ wá padà sílé, kí ẹ fẹ̀yìn tì. Wíwá sípíà páàtì ni yóò bá yín bá a jà dé ojú àmì.

Àwọn ará Erékùṣù Èkó kò mọ ìyà yìí tán. Ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club ti wà láti ọdún 1932, torí kò sí bí ìyà kan náà ṣe máa jẹ èèyàn púpọ̀ tí wọn kò ní fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé sọ́sà ni Lightning, tí àwọn Sparkman & Stephens ti New York ya àwòrán rẹ̀ lọ́dún 1938, gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 19. Ẹ gbọ́ o, 1938! Hitler kò tíì wọ Poland. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń kan irú ọkọ̀ yẹn títí dòní, nítorí náà bí ti ọmọ ẹgbẹ́ kan bá bàjẹ́, ẹnì kejì á ti kó àlòkù pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó rẹ̀ á sì ti máa bá a jà lórí ẹ̀. Ti Kápútéènì wa yàtọ̀. Iléeṣẹ́ tó kan tiẹ̀ ti kógbá wọlé, ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ ti lọ sọ́run, ìwé tó bá a wá, eku ti kà á tán.

Ó ku ibi kan. Alábà! Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, ẹ má dá mi lóhùn, ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí: ẹni tí nǹkan rẹ̀ bá bàjẹ́ ládùúgbò yìí, Alábà ló kọ́kọ́ ń lọ, ìbáà jẹ́ eyín ló ń ro ó. Kápútéènì wọ ọjà, ó ní òun ń wá mast, ìyẹn òpó gíga àárín ọkọ̀. Ọmọ ọjà wò ó tìyanu-tìyanu.

"Daddy, ti MTN ni àbí ti Glo?"

"Rárá o, èyí tí wọ́n ń ta sail mọ́ ni."

"Sale kẹ̀? Kí ló dé tí ẹ fẹ́ tà á? Èló lẹ máa gbà?"

Kí ó tó ṣàlàyé tán, wọ́n ti di òpó ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán fún un pẹ̀lú díìṣì lórí. Ó kúrò níbẹ̀, ó béèrè anchor. Ìdákọ̀ró ni ọkùnrin náà ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá aláṣọ kan tí kò dá ọ̀rọ̀ náà rò rárá. "Àǹkóò! Ti ìgbéyàwó ni, sà, àbí ti òkú àgbà? Èèyàn mélòó?" Ó ní ọ̀kan ṣoṣo ni, irin ni kó sì jẹ́. Ìyá aláṣọ ní léèsì onírin ti wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń tà á.

Ó padà sí Ìjànìkín fún block. Kẹ̀kẹ́ kékeré tí okùn ń gbà kọjá ni àwọn atukọ̀ ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà sì mọ iye ibi tí wọ́n ti ń yọ búlọ́ọ̀kù láti Ìjànìkín dé Àgbárá. Wọ́n bi í bóyá oní-ínṣì mẹ́sàn-án ni tàbí mẹ́fà. Ó ní ínṣì méjì, kó sáà ti lè wọ àpò ṣòkòtò. Oníbúlọ́ọ̀kù yíjú sí ọmọọṣẹ́ rẹ̀, ó ní kó lọ bá wọn wo ẹni tó mú bàbá yìí jáde nílé.

Wíǹṣì ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé o, kí ẹ má baà sá fún mi. Winch ọkọ̀ ìgbòkun jẹ́ irin róbótó kan tí wọ́n ń wé okùn mọ́, tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, kí ẹnì kan ṣoṣo lè fa aṣọ tí afẹ́fẹ́ ti kún inú rẹ̀. Inú rẹ̀ kún fún eyín wẹ́wẹ́ àti sípírìngì tín-ín-rín. Bí ẹ kò bá tú u kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ ta òróró díẹ̀ sí i, iyọ̀ inú omi á mú un le gan-an. Ti Kápútéènì ti le. Ó wọ dánfó ní Ìyànà Ìbà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, ló bá ń pariwo sórí fóònù: "Mo ní wíǹṣì ọkọ̀ mi àtijọ́ ni! Ó ti pẹ́ tó ti ń dà mí láàmú! Ó ti le, kò yí padà mọ́!"

Nínú ariwo Ìyànà Ìbà, ta ló fẹ́ gbọ́ àmì ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí ọkọ̀? Ọkọ ni gbogbo dánfó gbọ́. Ìyá kan bú sí "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Wòlíì tó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn na káàdì sí i kíákíá, ó ní ọjọ́ méje ni ìtúsílẹ̀ rẹ̀. Kápútéènì ní kò gba ọjọ́ méje, òróró díẹ̀ náà ló fẹ́. Wòlíì ní, "Ẹ ṣé, sà! Òróró náà ni!" Kọ̀ńdọ́ tiẹ̀ kò jiyàn: "Daddy, ẹ sọ̀ níbí. A kì í gbé wíǹṣì."

Ẹ rò pé mo parí? Ọkọ̀ náà tún ń fẹ́ ẹbọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹbọ, ẹ̀yin tí ẹ ní àwọn òyìnbó kì í bọ nǹkan kan. Nínú omi iyọ̀, bí irin oríṣiríṣi bá wà papọ̀, omi á yan èyí tó rọrùn láti jẹ nínú wọn, á máa jẹ ẹ́ lọ. Nítorí náà wọ́n máa ń so zinc mọ́ abẹ́ ọkọ̀, kí omi lè jẹ ìyẹn, kó fi pùrọ́pẹ́là sílẹ̀. Ètùtù gidi ni, ẹ kàn ń pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti jẹ dé ìdajì. Kápútéènì béèrè zinc, wọ́n di páànù ìbolé kan fún un. Nígbà tó ní ti ẹbọ ni, wọ́n fi adìẹ kún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ẹ̀rín nìyí, ẹ tẹ́tí sí mi fún ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá ń ra sukúrù tó máa wà nísàlẹ̀ omi, ẹ má gba bíráàsì lọ́wọ́ ẹni tó ní brọ́ńsì ni. Àwọn méjèèjì ń dán bí eyín olóṣèlú lásìkò ìbò. Ṣùgbọ́n zinc wà nínú bíráàsì, omi iyọ̀ á fa zinc náà jáde díẹ̀díẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́kù á máa rún bíi bísíkíìtì. Sukúrù á wà lójú rẹ̀, kò kàn ní di nǹkan kan mú mọ́. Ẹ kò ní mọ̀ títí ẹ ó fi dé àárín ọ̀sà.

Ìmọ̀ràn wá ńkọ́? Ìyẹn kì í wọ́n l'Ọ̀jọ́ wa. Ẹ kàn tú ìdérí ẹ́ńjìnì létí omi, kí ẹ sì ka dé ogún. Àwọn onímọ̀ á ti pé. Ẹni tí kò rí ọkọ̀ ìgbòkun rí ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Pílọ́ọ̀gì ni." Pílọ́ọ̀gì, nínú ẹ́ńjìnì dísù tí kò ní pílọ́ọ̀gì! Ẹnì kejì á ní kí ẹ fi fáíbà lẹ̀ ẹ́, ẹnì kẹta á ní ẹ̀gbọ́n òun kan ní Trade Fair ní irú rẹ̀ gan-an. Ẹ ó dé ASPAMDA, ọjà sípíà páàtì ibẹ̀, ẹ ó bá ẹ̀gbọ́n náà, irú rẹ̀ gan-an á sì jẹ́ ti Máàsídíìsì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn àwọn tó mọ̀ ọ́n lóòótọ́, torí wọ́n wà, a kàn ń fojú di wọ́n ni. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbòkun àtijọ́ ní ẹ́ńjìnì dísù kékeré nínú, Yanmar tàbí Lister, tí wọ́n ń lò bí atẹ́gùn bá kú. Lister kan náà ló ń lọ ata fún yín lọ́jà! Kápútéènì á fò lọ sí London lọ béèrè ìmọ̀ràn, nígbà tí ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnì ata ṣe lẹ́yìn ọjà Ìjànìkín á kàn fi etí gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì, á ní, "Nọ́sù rẹ̀ ló dí." Á sì jẹ́ nọ́sù lóòótọ́. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé ọkọ̀ náà lè máa rùn bí ata rodo títí dé Àgbádárìgì.

Ti aṣọ ìgbòkun ńkọ́? Ẹ wo àwọn apẹja Ẹ̀gùn. Àpò ìrẹsì àti tapólì ni wọ́n ń rán pọ̀ ṣe ìgbòkun. Bí ó bá ya, ìyá onírẹsì ni iléeṣẹ́ sípíà páàtì wọn. Wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kápútéènì wẹ́rẹ́, orúkọ ìrẹsì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè wọn, òun dákọ̀ró, ó ń dúró de páálí láti Southampton. Bí ojú bá ń ti Kápútéènì láti rán àpò, kó lọ bá àwọn tó ń rán kánópì ayẹyẹ. Ẹ̀rọ wọn lè gún aṣọ nínípọn, òwú wọn sì le. Kó kàn rí i dájú pé wọn kò kọ "Ẹ Kú Ìnáwó" sí i.

Ká tiẹ̀ ní gbogbo rẹ̀ pé. Apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn Èkó sábà máa ń ti wá, Àgbádárìgì sì wà ní ìwọ̀-oòrùn wa. Ọkọ̀ ìgbòkun kò lè kojú atẹ́gùn tààrà, nítorí náà ó ní láti máa ya sọ́tùn-ún ya sósì bíi dánfó tó ń yẹ kòtò. Àwọn tó wà létí omi á ní ó ti mutí. Bí ó bá wá bọ́ sínú water hyacinth, ewéko olódòdó eléésè àlùkò tó gba ọ̀nà Pọ̀tónóvò wọ ọ̀sà Àgbádárìgì lọ́dún 1984 láìní fisà, àbùṣe bùṣe. Ó ti ju ogójì ọdún tí àlejò yìí ti wà nílé wa, kò tíì béèrè ọ̀nà ilé.

Ẹ má sì fi Kápútéènì nìkan rẹ́rìn-ín. Ta ló ní Peugeot 504 lẹ́yìnkùlé yẹn ní Ìbà, tí adìẹ ń yé ẹyin sí níjòókòó ẹ̀yìn, tí ẹ ń sọ fún àlejò pé "kábúrétọ̀ lásán ló kù"? Láti ìgbà Àbáchà ló ti kù kábúrétọ̀! Ìjọba pàápàá, ọdún 2009 ni wọ́n tú títì Èkó sí Àgbádárìgì palẹ̀ kí wọ́n lè fẹ̀ ẹ́, kí ọkọ̀ ojú irin lè gba àárín rẹ̀ dé Òkokomáìkò. Apá kìíní rẹ̀, láti Marina dé Mile 2, kò gbé èrò títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Bí ìjọba bá lè fi ọdún mẹ́rìnlá wá sípíà, kí ló dé tí ẹ ń dá Kápútéènì lẹ́bi?

Kápútéènì, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ má dárúkọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ tú èyí tó bàjẹ́, ẹ gbé e dání, ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, kí ẹ sì fà á lé ẹni tó ń gé irin lọ́wọ́. Ẹ̀yin ará àdúgbò náà, ẹ jọ̀ọ́, wíǹṣì Kápútéènì ti dàwátì báyìí: bí oníbárò tó ń ra irin kóńdẹ̀mù bá kọjá níwájú ilé yín láàárọ̀ ọ̀la, ẹ dá a dúró, ẹ yẹ inú bárò rẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí irin róbótó kan tí kò yí mọ́, ẹ má bẹ̀rù, ẹ má gbàdúrà sí i. Ẹ bá wa gbé e dé etí omi.