Òkété Dàgbà, Ọmọ Rẹ̀ Wà ní Kánádà

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kò sí ibi ìsọmọlórúkọ tí òwe yìí kì í yọjú sí. Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n ti fi oyin àti iyọ̀ kàn án lẹ́nu, bàbá àgbà kan á wá dìde, á gbá etí agbádá sókè, á ní kí bàbá ọmọ àti ìyá ọmọ jẹun ọmọ pẹ́. Gbogbo ilé á ké "Àmín" tí páànù òrùlé fi ń mì. Báyìí la ṣe ń forúkọ ènìyàn sílẹ̀ fún owó ìfẹ̀yìntì nílùú wa: kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí ìka títẹ̀, ẹni tí yóò sì máa dá owó náà kò tíì lè gbé orí ara rẹ̀ dúró.

Èmi kò bá òwe jà o. N kò sì ní kí ọmọ má tọ́jú òbí. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi òkété pòwe, orí àtẹ ọjà ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn tí iná ti yan án gbẹ. Ẹ bi ọdẹ léèrè. Ọdẹ á sọ fún yín pé òkété ní àpò lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Níbi tó bá ti rí ẹyìn, á rọ́ ọ kún àpò náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú bọ̀ǹbọ̀, á gbé e wọ ihò lọ, á kó o jọ sí yàrá ọ̀tọ̀. Òru ló fi ń ṣe é, kì í pe bẹ́ńdì sí i. Ẹni tó bá gbẹ́ ihò òkété dé ìdí á bá ẹ̀kùrọ́ níbẹ̀. Ẹranko tí a sọ di alágbàwí àwọn tí kò fi kọ́bọ̀ pamọ́, òun gan-an ni baba afowópamọ́ nínú igbó.

Àwọn tó pa òwe náà kò ṣi í pa. Bàbá tó bá gbin kòkó ní Ilé-Olújì nígbà tó wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, kòkó náà á ti máa so kí ọdún márùn-ún tó pé, á sì máa so lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí agbára bàbá bá tán, ọmọ ló ń ká a, ọmọ ló ń sá a, ọmọ ló ń gbé e lọ fún àwọn tó ń rà á. Ọmú ọmọ ni bàbá ń mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n oko bàbá ni wàrà náà ti ṣẹ̀ wá, inú ihò kan náà sì ni àwọn méjèèjì wà. Lónìí bàbá kò gbin nǹkan kan, ọmọ wà ní Kánádà, òwe nìkan ló kù nílé.

Kì í kúkú ṣe pé òfin kò sí. Láti 2004 ni Nàìjíríà ti ní òfin owó ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ ń dá, wọ́n sì tún un ṣe ní 2014. Òṣìṣẹ́ á dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, ó kéré tán, agbanisíṣẹ́ á fi 10 kún un, ó di 18. Àjọ ìjọba tó ń jẹ́ PenCom ló ń mójú tó o. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ọdún 25 kan tó ń gba ₦200,000 lóṣù. ₦36,000 ni yóò máa wọ àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lóṣooṣù, ₦16,000 péré ló sì ti ọwọ́ tirẹ̀ jáde. Ká ní wọn kò fi kọ́bọ̀ kún owó oṣù rẹ̀ títí, ká ní èlé kankan kò gorí owó náà, yóò bá ₦15,120,000 nílẹ̀ nígbà tó bá pé 60. Ẹnìkejì rẹ̀ tó dúró di ọdún 45 kó tó bẹ̀rẹ̀ yóò bá ₦6,480,000. Bó bá ní kí wọ́n máa pín in fún òun lóṣooṣù títí òun á fi pé 75, ₦36,000 ni wọn yóò máa kà lé e lọ́wọ́. Ẹ wo iye tí àpò ìrẹsì kan jẹ́ ná.

Ẹ wá wo ọmọ ọdún 25 náà lọ́jọ́ tí ìwé owó oṣù àkọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìka rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ìwé, ó dé ìlà kan, ó dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n yọ níbí?"

"Péńṣàn yín ni."

"Péńṣàn kẹ̀? Ta ló fẹ́ fẹ̀yìn tì?"

Títí dé ìrọ̀lẹ́ ló ń fajú ro pé ìjọba ti ja òun lólè. Nígbà tó fi máa di alẹ́, ó ti ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ẹgbẹ̀rún márùn-ún, eré mẹ́fà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan. Ó dá a lójú pé ẹgbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á wọlé lọ́jọ́ Sátidé. Pé òun fúnra òun á pé ọgọ́ta ọdún ni kò dá a lójú. (Àwọn agbanisíṣẹ́ kan wà ṣá tí wọ́n ń yọ owó náà tí wọn kì í fi í ránṣẹ́, òfin ní kí wọ́n san ó kéré tán ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi pẹ́. Òṣìṣẹ́ tí kò yẹ àpò rẹ̀ wò rí ló ń fi ọkàn wọn balẹ̀.)

Ìlànà kan ń káàkiri lórí WhatsApp, láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ Fidelity ní Amẹ́ríkà: bí o bá pé 30, kí o ti ní owó oṣù ọdún kan nípamọ́, ní 40, ti ọdún mẹ́ta, ní 50, mẹ́fà, ní 60, mẹ́jọ, ní 67, mẹ́wàá. Àwọn èèyàn wa ní Èkó ń fi ṣe sítátọ́ọ̀sì, wọ́n ń kọ "ọgbọ́n" sábẹ́ rẹ̀. Ẹni 30 tiwa náà ní owó ọdún kan nípamọ́ lóòótọ́, ọwọ́ lánlọ́ọ̀dù ló fi í pamọ́ sí. Kì í sì í ṣe àwa nìkan. Nínú ìwádìí tí báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní 2022, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn ilé níbẹ̀ tí kò ní àpò ìfẹ̀yìntì kankan. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn kò ní òkété tí wọ́n lè fi bo ìtìjú.

Ẹni ogójì ọdún ló ń ṣe mí láàánú jù. Bí owó oṣù bá ti wọlé, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá ló kọ́kọ́ jáde, owó ilé ìyá tẹ̀ lé e, àbúrò kan ṣì wà ní yunifásítì tí ìyanṣẹ́lódì sọ ọdún mẹ́rin rẹ̀ di mẹ́fà, kó tó kan owó ilé-ìwé àwọn ọmọ tirẹ̀. Ẹ wá bi í pé èló lo fi pamọ́ fún ọjọ́ ogbó? Òun fúnra rẹ̀ ni àpò ìfẹ̀yìntì bàbá rẹ̀, àpò kì í sì í ní àpò. Bàbá kò fi pamọ́, nítorí náà ọmọ kò rí fi pamọ́, nítorí náà ọmọ-ọmọ tó ṣì ń jẹ sẹ̀rẹ́láákì ti jẹ gbèsè ẹni tí kò rí rí. A wá ń pe èyí ní àṣà.

Ọmọ wa tó já sí London tilẹ̀ rí tirẹ̀ ní tipátipá. Láti 2012 ni wọ́n ti ń mú òṣìṣẹ́ tó bá ti pé ọdún 22, tí owó rẹ̀ bá tó ìwọ̀n, wọ inú ètò péńṣàn níbẹ̀ láìbi í: ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún báyìí, 5 láti ọwọ́ rẹ̀, 3 láti ọwọ́ ọ̀gá. Ẹni tó kọ̀ ọ́ jálẹ̀ ní Ìkẹjà ń fara mọ́ ọn ní Peckham, ó tún ń yin àwọn òyìnbó pé wọ́n mọ ètò ṣe.

Kí a tó dé 60, ẹ jẹ́ ká yà ní 50, nítorí níbẹ̀ ni owó ti ń dáràn. Ètò Nàìjíríà mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀: bí òṣìṣẹ́ bá ti pé 50, wọ́n á ṣí owó rẹ̀ kúrò ní ìsọ̀rí kejì bọ́ sí ìkẹta, níbi tí ewu ti dín kù. Òfin ní kí owó máa rọra rìn, olówó ní kí bẹ́ńdì máa lù. Oṣù mẹ́ta kí ọjọ́ìbí 50 tó kò, aṣọ ẹbí ti kún orí àga pálọ̀ débi tí àlejò ń jókòó sórí àpótí: ọ̀kan fún ìsìn, ọ̀kan fún gbọ̀ngán, ọ̀kan fún alẹ́ tí a kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ìyàwó jókòó ti ìwé ńlá kan, ó ń fi bírò pupa fàlà sí orúkọ àwọn tí kò tíì sanwó gèlè. Ike ìfọwọ́ ẹgbẹ̀ta dé láti ọjà, ojú ọlọ́jọ́ìbí wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín sí omi. Kọpuréétífù ló yá a lówó náà, ọdún méjì ni wọn yóò fi máa yọ ọ́ lórí owó oṣù, ní ìsàlẹ̀ ìlà péńṣàn gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá bi í, á ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń pé 50. Òótọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà lèèyàn ń pé 70, n kò sì tíì rí ibi tí wọ́n ti ń ra aṣọ ẹbí nítorí oògùn.

Àwọn ọlọgbọ́n kan ti wá ọ̀nà mìíràn: wọn kò fi owó kún, ọdún ni wọ́n ń yọ kúrò. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ lọ bó bá pé ọdún 60 tàbí bó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Àwọn tíṣà gba ìrọ̀rùn ní 2022, tiwọn di 65 tàbí 40. Ọ̀jọ̀gbọ́n àti adájọ́ ń bá a lọ títí di 70. Ẹni tí kò sí nínú àwọn wọ̀nyí á gba kóòtù lọ búra. Ọ̀gá kan báyìí, 54 ni ní ọ́fíìsì, 63 ni nílé. Àbúrò rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn ní kékeré ti ń gba péńṣàn. Ṣùgbọ́n bó bá ti mu ẹmu díẹ̀, á máa ròyìn bí òun ṣe ń gbọ́ ìròyìn ogun Bìáfúrà lórí rédíò ní 1968, ọdún mẹ́ta kí ìwé ìbúra rẹ̀ tó bí i.

Mo gbọ́ àtakò tó wà lẹ́nu yín, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 2015, dọ́là kan kò tó ₦200 ní báńkì. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti kọjá ₦1,500. Mílíọ̀nù kan náírà tó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là nígbà náà kò tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin mọ́. Ó ju ìdajì owó ìfẹ̀yìntì wa lọ tí ìjọba àpapọ̀ fi ń yá ara rẹ̀ lówó, ìjọba náà ló sì ń sọ náírà di yẹpẹrẹ. Ẹni tó bá ní kí lòun fẹ́ fi náírà pamọ́ fún, kò sọ̀rọ̀ òpè. Ṣùgbọ́n ibo ló wá gbé e lọ? Ọdún 2016 ló gbé e fún MMM, tí wọ́n ṣèlérí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kan, tí wọ́n sì tilẹ̀kùn ní Oṣù Kejìlá nígbà tí adìyẹ Kérésì kù díẹ̀ kó wọ ìkòkò. Ní 2025 ó tún gbé e fún CBEX, irú rẹ̀ tó wà lórí fóònù. Kò fọkàn tán ìjọba tó mọ ilé rẹ̀, ó fọkàn tán fóònù. Ọ̀pọ̀ gírátúútì ló gba ọ̀nà yẹn lọ, tí ẹni ọgọ́ta ọdún fi káwọ́ lérí ní gbangba ọjà bí òkété inú òwe kejì, tó jẹ́ orí àtẹ ló ti rántí káwọ́ lérí.

Bí bàbá bá dé ibẹ̀, fóònù ni yóò gbé. Ọmọ tó wà ní Kánádà ni yóò kọ́kọ́ pè, torí òun la fi ń yangàn nílé ìpàdé. Ilẹ̀ kan la tà láti fi gbé e débẹ̀. Ọmọ á ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́, òun á pè padà, á wá fi fọ́tò yìnyín ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni bàbá á pe èyí obìnrin tó ń ta ata ní Bódìjà, tí a kò ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀. Òun ni í sanwó oògùn láti ọjọ́ yìí wá, a kì í dárúkọ rẹ̀ nílé ìpàdé.

Irú obìnrin yìí ni ìjọba ṣe ètò péńṣàn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò fún ní Oṣù Kẹta 2019. Ohun tó bá wù ú ló lè máa dá. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ nígbà náà, ìdá 40 nínú rẹ̀ ṣeé gbà bí ìnáwó bá dé, ìdá 60 wà ní títì di ọjọ́ ogbó. Ẹ fojú inú wò ó níwájú aṣojú ètò náà, níbi tó ti ń nu omi ata kúrò lọ́wọ́ kó tó tẹ̀ka. Wọ́n ti ṣàlàyé fún un tán. Wọ́n ní ṣé ó ní ìbéèrè.

"Mo ní. Ẹ bá mi ti 40 yẹn náà pa. Ẹ má sì jẹ́ kí bàbá mi gbọ́ pé ó ṣeé gbà."