Ẹni Tó Ń Lọ Kòríà, Kó Yà Jẹ Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Fìdítì

Àwọn ọmọ wa ti di ará Kòríà. Látorí fíìmù tí wọ́n ń wò mọ́jú, wọ́n mọ Gyeongju, olú-ìlú àwọn ọba Silla ayé àtijọ́, bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀. Wọ́n á ní ibojì ọba tó wà láàárín ìlú náà ga bí òkè, pé UNESCO ti kọ ibẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé láti ọdún 2000, pé àlejò kì í kúrò níbẹ̀ láìra búrẹ́dì kékeré tí wọ́n ń fi ẹ̀wà pupa sínú rẹ̀, tí wọ́n ti ń yan láti 1939. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wá bi ọmọ náà pé níbo ni Ìlọrà wà. "Ẹ̀gbẹ́ Ọ̀yọ́ níbẹ̀ yẹn ni." Bẹ́ẹ̀ Ìlọrà ni wọ́n bí bàbá ẹ̀ sí!

N ò kúkú dá ọmọ lẹ́bi tán. Ẹ̀yin ará Afijio tó ni Ìlọrà gan-an ni mo ń bọ̀ wá bá. Ìjọba ìbílẹ̀ tó jẹ́ pé lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ìlú ni wọ́n ṣà jọ fi sọ ọ́ lórúkọ! Awẹ́ ní A, Akínmọ̀ọ́rìn náà ní A. Ìlọrà, Ìwàrè, Ìmíní, gbogbo wọn ló ń wo I. Fìdítì ní tiẹ̀ fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a du F. Jọ́bẹ̀lẹ̀ ò tiẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó gbé sẹkitéríàtì sílé, ó dákẹ́.

Bí àlejò bá ti Kòríà wá, Fìdítì ni kó ti bẹ̀rẹ̀, lójú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Níbẹ̀, àlejò kì í wá oúnjẹ lọ, oúnjẹ ló ń sáré wá bá a. Kí dẹ́rẹ́bà tó tẹ búréèkì, ọwọ́ ti kún ojú wíńdò: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ, ọsàn. "Bùọ̀dá, ẹ wo tèmi, ó pọ́n dénú!" Ará Kòríà á rò pé adigunjalè ló dé. Ìyá ọlọ́sàn á fa ọ̀bẹ yọ, àyà àlejò á tún já. Àṣé ó fẹ́ bó ọsàn ni. Ẹ wo ọwọ́ ìyá yẹn dáadáa. Ọsàn ń yí nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, èèpo ń yọ gbọọrọ láìjá, ojú rẹ̀ ò sì sí lára ọsàn rárá, ara mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló wà. Tó bá wá kan owó, wàhálà dé. Ìyá á pe iye kan, ẹ ó dá ìdajì rẹ̀, mọ́tò á ti ṣí, ìyá á máa sáré tẹ̀lé yín, owó á máa já wálẹ̀ bí eré bá ṣe ń le sí i. Mo mọ àwọn tó máa ń bẹ dẹ́rẹ́bà pé kó tètè ṣí. Èèyàn burúkú.

Ìtàn ńkọ́? Ó pọ̀ jọjọ. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọjà ní àwọn ọdún 1830, àgbègbè yìí kún fún àwọn tí ogun lé wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹun yó kẹ́ ẹ tó bi àgbà kan ní ìtàn ìlú rẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀, á sinmi díẹ̀ ní Ọ̀yọ́ Ilé, kó tó dé Fìdítì, àgbà kejì á ti ní irọ́ ló ń pa, ìlú tòun ló kọ́kọ́ dó. Ìwé ni ẹ̀ bá fi parí ìjà, àmọ́ ìwé ọ̀hún náà rí nǹkan. Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣe pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́ níbí, kọ ìtàn Yorùbá parí ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sílùú Òyìnbó, wọ́n sì sọ ọ́ nù! Ó kú ní 1901. Obadiah àbúrò rẹ̀ ló tún un kọ látinú ohun tó fi sílẹ̀, 1921 ló tó jáde.

Ibi ìtàn tí mo fẹ́ràn jù ni oko ìjọba tó wà ní Ìlọrà. Awólọ́wọ̀, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955. Kò pẹ́ sígbà náà, àwọn ọmọ tó ka ìwé mẹ́fà ò fẹ́ rí ọkọ́ sójú mọ́. Ìjọba bá lọ wo bí wọ́n ṣe ń dáko ní Ísírẹ́lì, wọ́n wá dá irú oko bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn, kí ọmọ tó kàwé lè di àgbẹ̀ olówó. Ọ̀pọ̀ ọmọ dé oko náà lóòótọ́. Wọ́n kí i, wọ́n sì gba ọ̀nà Èkó lọ.

Bí ebi bá ń pa àlejò, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá alámàlà. Kò ní pátákó, èéfín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ní Kòríà, bẹ́ ẹ bá ṣe ń jókòó ni àwo kéékèèké á ti kún tábìlì, kimchi àti ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi. Bó bá tán, wọ́n á tún bù ú, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ dán an wò níbí. Ẹ ní kí ìyá tún da gbẹ̀gìrì sí i láìra ẹran kún un. Ìgbakọ á dúró sókè, á wò yín láti orí dé ẹsẹ̀: "Ṣé ẹ̀yin lẹ bá mi ra ẹ̀wà ni?" Síbẹ̀, àmàlà yẹn ń dán, ewédú ń fà, ṣàkì dùbúlẹ̀ sórí ọbẹ̀ ata bí olóyè. Kí àlejò má béèrè fọ́ọ̀kì o.

Ẹ má sì sọ pé a ò ní pátákó rárá. Ìdí kànga ẹ̀rọ ló wà, èyí tí omi ò yọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́: fọ́tò ọnọrébù gbàǹgbà, agbádá rẹ̀ funfun báláú, àti ọjọ́ tó wá gé tẹ́ẹ́pù. Ará Kòríà á tẹríba fún un, á ya fọ́tò, á béèrè pé ọba wo nìyí. Ẹ dá a lóhùn pé ọba ọlọ́dún mẹ́rin ni, àti pé ó tún ń bọ̀ wá du ìkejì.