A Kì í Fẹ́ Gíà Láìfẹ́ Ẹbí Rẹ̀

Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan tí kò tó ₦200 sì di ₦488 lójijì ní ilé epo NNPC l'Ékòó, ni ọ̀jọ̀gbọ́n ti pọ̀ lábẹ́ igi mẹkáníìkì. "Ọ̀gá, ẹ yọ gíà ọ́tò yìí dànù, ẹ jẹ́ ká gbé máńúà sí i!" Ìmọ̀ràn náà kì í ṣe irọ́ pátápátá: ọ́tò àtijọ́ onípele mẹ́rin máa ń jẹ epo ju máńúà lọ. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé gíà máńúà kì í dá wá. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, ó fẹ́ ẹbí rẹ̀.

Ẹ ka ẹbí náà wò. Torque converter á kúrò nídìí ẹ́ńjìnnì, flywheel, kílọ́ọ̀ṣì àti bíárìn á bọ́ síbẹ̀. Pẹ́dà kẹta á gba àyè lẹ́sẹ̀ awakọ̀, á sì mú sìlíńdà méjì àti páìpù dání. Ọ̀pá gíà fẹ́ wáyà tirẹ̀, eyín ṣáàfù sì gbọ́dọ̀ bá ihò gíà mu. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni brain box, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, àna tó le jù, á máa wá ọ́tò tí wọ́n ti tà: á tan iná sójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tàbí kí ó ní ọkọ̀ kò ní sítáàtì. Gbogbo wọn ló wà ní ọjà Ládípọ̀, ní Mushin, ṣùgbọ́n ìdílé kan náà kọ́ ni wọ́n. Corolla tó ti Amẹ́ríkà wá láàárín 2003 sí 2008 gbé ẹ́ńjìnnì 1.8, ṣùgbọ́n gíà àlòkù "Belgium" tí wọ́n ń nà sí yín lè jẹ́ ti Corolla Yúróòpù oní 1.4, tàbí ti onídísù. Orúkọ wọn jọra, ẹ̀jẹ̀ wọn kò pa pọ̀. Ọ̀nà tó dájú ni kí a ra gbogbo rẹ̀, títí kan brain box, lára ọkọ̀ máńúà kan ṣoṣo tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá tiwa mu.

Ẹnìkan á ní owó kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ lòun máa rà á. Owó ni kó kó jọ díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe irin: owó ṣì ṣeé ná sórí nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ṣáàfù tí eyín rẹ̀ kò wọlé padà? Òmíràn á ní wẹ́dà wà. Wẹ́dà lè so irin mọ́ irin, kò lè kọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tó sọ pé ọkọ̀ kì í jẹ epo mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ náà kò sì purọ́: èyí tó ń dúró de flywheel lórí búlọ́ọ̀kù kì í jẹ epo rárá. Kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì kan, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì kọ orúkọ gbogbo ẹbí náà sílẹ̀ pẹ̀lú iye owó wọn, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó àtúnṣe ọ́tò. Bí ti ọ́tò bá kéré jù, ẹ tún un ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá bínú sí ìṣirò náà, ẹ ní kó ra gíà ọ̀hún sínú ọkọ̀ tirẹ̀.