Ìrókò Kékeré Tó Ń Gbẹbọ

Àwọn àgbà ní kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. Tó bá dàgbà tán, ẹbọ ní í gbà. Òwe yìí kì í ṣe àjèjì ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìlú gẹdú ni ìlú wa. Ẹni tí ariwo ayùn ń jí láàárọ̀, níbi tí wọ́n ti ń la ìtì igi sí pákó, mọ ohun tí ń jẹ́ ìrókò. Síbẹ̀, n kò tíì rí agégẹdú kan, bó ti wù kí ebi pa á tó, tó gbé ayùn lọ bá igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé méjì. Àwa òbí òde òní la gbé e lọ.

Ọmọ àbúrò bàbá mi kan, olùkọ́ ní yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè, tòun tìyàwó rẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ Àìkú kan. Ìjà ti fẹ́ dé. Ọmọ wọn pé ọdún méjì àbọ̀, wọn kò sì tíì fẹnu kò lórí ibi tí yóò lọ. Ọkọ ti rí ilé ẹ̀kọ́ kan tó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fanákúlà níbẹ̀. Inú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń ri ọmọ bọ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ìyàwó ti rí òmíràn, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi yanrìn mọlé, tí wọ́n ń ta òkòtó, tí wọ́n ń ṣe bojúbojú, tí A-B-D ń bá wọn níbi eré.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀," ni ọkọ wí. "Ṣé eré ni n ó máa sanwó fún? Ṣebí ọ̀fẹ́ ni eré wà nílé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bi wọ́n léèrè," ni ìyàwó fèsì. "Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Ṣé ìyẹn ni kò sí nílé wa?"

Ẹ̀rín pa mí. Orúkọ tí Yorùbá fún irú ilé ẹ̀kọ́ yìí ti dá ẹjọ́ náà kí wọ́n tó gbé e wá: jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn kò ní kí ọmọ lọ gboyè. Ó kàn fẹ́ kó jáde díẹ̀, kí ìyá rẹ̀ ráyè se ìkọ́kọrẹ́ tí kò ní jóná. Ará Jámánì kan, Friedrich Froebel, tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1837, pè é ní ọgbà àwọn ọmọdé. Omi là ń gbé wọ ọgbà. Àwa gbé àdá.

Ẹ̀ka wo là ń pa? Yorùbá ẹnu ọmọ ni. Ọmọ ní òun fẹ́ mu omi, wọ́n ní kó tún un sọ bí èèyàn. Aládùúgbò mi kan ní ìyá ní Òjòwò, Ìjẹ̀bú ponbele nìkan ni mama náà ń sọ. Wọ́n gbé fóònù fún ọmọ kó kí ìyá àgbà. Ọmọ da Gẹ̀ẹ́sì bolẹ̀. Mama yára pa fóònù, ó ní àjòjì kan ti jí fóònù ọmọ òun.

Apá kejì òwe náà ló tilẹ̀ ń dùn mí jù. Ìrókò àtijọ́ a dàgbà kó tó bèèrè ẹbọ. Tòde òní kò tíì hu eyín tán tó ti ń gbà á: owó fọ́ọ̀mù, owó aṣọ, owó bọ́ọ̀sì, owó ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́yege, níbi tí ọmọ tó ṣì ń tọ̀ sára yóò ti wọ ẹ̀wù àwọn ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú fìlà onígun mẹ́rin. Bí wọ́n bá wá fi "Montessori" kún orúkọ ilé ẹ̀kọ́, ẹbọ di ìlọ́po méjì. Àwọn ọmọ tálákà ní àdúgbò San Lorenzo nílùú Róòmù ni Maria Montessori ṣí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ní 1907. Bó bá jí lónìí, yóò bèèrè ìpín tirẹ̀.

Kì í sì í ṣe pé a kò dán ọ̀nà mìíràn wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ kó àwọn ọmọ jọ ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ohun gbogbo. Gẹ̀ẹ́sì dúró lọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan, pẹ̀lú olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí wọ́n wọ̀n wọ́n pẹ̀lú àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, àwọn ọmọ Yorùbá yìí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta wọ́n yọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Irú igi wo ni wọ́n fà lé e, n kò bèèrè.

Ká má purọ́, rírì ọmọ bọ inú èdè kì í ṣe ohun burúkú. Àwọn Maori ní New Zealand ń ṣe é láti 1982, ìtẹ́ èdè ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n èdè àwọn bàbá ńlá wọn, tó fẹ́ kú, ni wọ́n ń ri ọmọ bọ̀, àwọn ìyá àgbà ló sì wà nídìí rẹ̀. Ẹ tilẹ̀ wo etí ọ̀sà lọ́hùn-ún, ní Mákùn-Omi. Inú eré ni ọmọ ti ń mọ omi í wẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń jù ú sínú ọ̀sà, kó tún ní kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tó gbé wá láti ilé tàpá.

Ibi tí mo ti dárúkọ etí ọ̀sà yìí ni mo ti rántí Ìwópin. Nítorí ilé iṣẹ́ bébà tí wọ́n fẹ́ níbẹ̀, wọ́n ṣán igbó níhà ibi tí wọ́n ń pè ní J4, wọ́n gbin gmelina, igi àjèjì tó ń yára dàgbà. Gmelina dàgbà lóòótọ́. Ilé iṣẹ́ bébà kò rìn dé ibi tí wọ́n fọkàn sí. Àwọn igi àbáláyé tí wọ́n gé kò sì padà wá bá wa.

Mo dájọ́ fún tọkọtaya náà: kí wọ́n mú ọmọ lọ síbi yanrìn, kí bàbá rẹ̀ máa bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú mọ́tò bó bá ti wù ú, kí wọ́n sì máa fi í sílẹ̀ fún ìyá àgbà lópin ọ̀sẹ̀.

Ọkọ fajú ro. "Ẹ̀gbọ́n, bí kò bá wá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́?"

Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó lòun nígbà tóun kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ gbólóhùn kan. Ó ronú títí. Ó ní ọmọ ọdún méje ni òun, ní Àbígí.

Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọ́ni ní yunifásítì.